Alóre tó Sùn: Ohun tí Douala Fi Hàn nípa Ètò tó ń Ṣọ́ Fáìlì

Àwọn tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi oyè alóre dá ohun tó ń sùn lọ́lá. Nínú ètò tó ń pa ẹ̀dà ìwé mọ́, nínú èyí tó ń mú kí fáìlì inú kọ̀ǹpútà méjì bára mu, àti nínú èyí tó ń to atọ́ka fún ìwé atúmọ̀ èdè, apá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa ṣọ́ fáìlì lọ: bí ọwọ́ bá kan ọ̀kan nínú wọn, kó ta àwọn apá yòókù lólobó. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí apá kékeré yìí bá sùn, orí irọ́ ni gbogbo èyí tó kù ń ṣiṣẹ́ lé. Ẹ̀dà tí wọ́n pè ní ẹ̀dà ìpamọ́ kò bá ìwé mu mọ́, atọ́ka ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí olóòtú ti yọ kúrò, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe pé alóre ń sùn. Kò sí olùṣọ́ tí kì í tòògbé. Ẹ̀sùn náà ni pé ó sùn, ó jí, ó sì sọ fún onílé pé òun kò fojú ba oorun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tó jẹ́ pé èdè ni iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀rọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìṣọ́ yìí ṣe rí. Ọ̀nà méjì ló wà. Ní ọ̀nà kìíní, ètò náà fúnra rẹ̀ a máa dìde látìgbàdégbà, a lọ wo fáìlì kọ̀ọ̀kan, a sì fi ohun tó bá wé ohun tó fi sílẹ̀ nígbà tó lọ kẹ́yìn. Ní ọ̀nà kejì, ètò náà a jókòó sí àyè rẹ̀, a sì bẹ ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows tàbí Linux, pé bí nǹkan bá yí padà, kó ké sí òun. Láti ọdún 2005 tí inotify ti wọ inú Linux (ẹ̀dà 2.6.13), tí Apple náà sì gbé FSEvents jáde fún Mac ní 2007, ọ̀nà kejì ló gbayì jù, Windows ti ní tirẹ̀ ṣáájú wọn. Ó yá, kì í jẹ agbára ẹ̀rọ, kì í jẹ́ kí ètò máa kiri bí ọmọ aláìríṣẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń lo ètò ni pé ìkéde yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Ẹni tó jókòó sínú ilé tó ń dúró de igbe aládùúgbò kò lè fi ìdákẹ́rọ́rọ́ ṣe ẹ̀rí pé olè kò wọlé. Ó lè jẹ́ pé aládùúgbò kò sí nílé lọ́jọ́ náà.

Inotify tilẹ̀ ti jẹ́wọ́ ìwọ̀n agbára rẹ̀. Bí ìkéde bá ń dé, orí ìlà ni wọ́n ń tò sí kí ètò tó kà wọ́n. Ìlà náà gba 16,384 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí òfin rẹ̀ padà. Bí ó bá kún, ìkéde tó bá dé lẹ́yìn náà a dànù, ètò àgbà a sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ pé ìlà ti kún. Ìwé ìlànà inotify kò fi bò rárá pé ìkéde lè sọnù, ó sì gba àwọn tó ń ṣe ètò níyànjú pé kí wọ́n múra sílẹ̀ láti tún ohun tí ètò wọn rò pé òun mọ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé yìí kan náà fi hàn pé fódà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìṣọ́ tirẹ̀, pé ìṣọ́ tí wọ́n fi sára fódà ńlá kò ká àwọn fódà tó wà nínú rẹ̀ mọ́, àti pé ohun tí kọ̀ǹpútà mìíràn bá ṣe sí fáìlì tó wà nínú fódà àjùmọ̀lò kì í dé etí inotify rárá. Títí di ọdún 2021, ìṣọ́ 8,192 ni Linux ń fún olùlò kan bí kò bá sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí fódà rẹ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù wà ní gbangba láìní olùṣọ́.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni bí àwọn ètò ìkọ̀wé ṣe ń pa fáìlì mọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Wọn a kọ odidi fáìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà wọn a gbé orúkọ ti àtijọ́ wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ti àtijọ́ kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n alóre tó dojú kọ fáìlì àtijọ́ yóò máa ṣọ́ òkú, nígbà tí ẹni tó jẹ orúkọ òkú ń rìn káàkiri nínú ilé.

Kò sí èyí tó jẹ́ àṣírí nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó yẹ kó bí ènìyàn nínú ni pé àwọn tó ṣe inotify sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ wọn, àwọn tó kọ́lé lé e lórí sì gbé òtítọ́ náà pamọ́. Àmì tútù kékeré kan ni olùlò ń rí ní igun ojú kọ̀ǹpútà, pé ohun gbogbo ti bára mu. Ta ló bi í? Ìgbà wo ló lọ wò?

Douala ni ó yẹ kí wọ́n ti dán irú ètò báyìí wò kí wọ́n tó máa tà á. Ìlú yìí ni ẹnu ọ̀nà Kamẹrúùnù sí òkun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù orílẹ̀-èdè náà ń gba èbúté rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù tó ń lọ sí Ṣáàdì àti Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí wọn kò ní òkun. Iye ìwé tó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn ní Bonanjo àti Akwa lórí ẹrù kan ṣoṣo kò kéré, bí iye àpótí kan bá sì yí padà nínú fáìlì kan tí fáìlì kejì kò gbọ́, ẹrù yóò dúró sí èbúté, owó ìdúró yóò sì máa gorí ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ Douala di olùkọ́ jù lọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 2017.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún náà, ìjọba Kamẹrúùnù ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní àwọn ẹkùn Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí, kò sì padà títí di 20 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 93 ni. Buea, ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní Silicon Mountain, wà ní ẹkùn tí wọ́n tì pa yìí. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò lè dúró a máa gbé kọ̀ǹpútà wọn kọ́ èjìká, wọn a wọ ọkọ̀ lọ sí Douala, tàbí kí wọ́n dúró ní Bonako, abúlé kan lẹ́bàá ààlà ẹkùn níbi tí ìsopọ̀ ti ń dé. Wọ́n tilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní àgọ́ ogúnléndé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó tó kí a ro ohun tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ètò tó ń ṣọ́ fáìlì. Ẹnì kan kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Buea láàárọ̀, ó dà á sórí fláàṣì. Ní Douala, ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ó tún apá kan kọ. Nígbà tó padà délé lálẹ́, ó da ti Douala padà sórí ti Buea kó tó tan ètò ìṣọ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ nítorí pé bátìrì ti fẹ́ tán. Gbogbo ohun tó yí padà nígbà tí ètò náà wà ní pípa, kò sí ìkéde kankan tí yóò tẹ̀ lé e. Inotify kì í ròyìn àná. Ètò tó bá gbára lé ìkéde nìkan yóò jí, yóò wo ìlà rẹ̀, yóò rí i pé ó ṣófo, yóò sì tan àmì tútù.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. FSEvents ti Apple ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ lórí dísìkì, débi pé ètò tó bá jí lè bèèrè fódà tí ọwọ́ kàn láti ìgbà tí òun ti sùn. Windows ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Windows 2000. Níbi tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹsẹ̀ ṣì wà láti fi rìn: kí ètò dìde, kó lọ wo fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀ràn 2017 jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò ní tún wáyé, kó rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. SAT-3 tó gúnlẹ̀ sí Èkó, Kútọnu àti Douala wà lára wọn, Kamẹrúùnù sì wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó fara gbá a. Ní apá ilẹ̀ yìí, kí ìsopọ̀ já àti kí iná lọ wà lára ohun tí oòrùn ń là bá. Ètò tó bá kà wọ́n sí ìjàǹbá tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ kò mọ ilé tí wọ́n gbé e wá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀ràn àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ètò tó ń mú fáìlì bára mu kì í ka inú fáìlì kí wọ́n tó pinnu bóyá ó ti yí padà. Nǹkan méjì péré ni wọ́n ń wò: ìwọ̀n fáìlì, àti òǹtẹ̀ àkókò tó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní 1996, ṣe ń ṣe bí ẹni tó ń lò ó kò bá pàṣẹ fún un pé kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà UTF-8 tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà lónìí, àmì ohùn òkè tó dá dúró gba báìtì 2; àmì ohùn ìsàlẹ̀ náà gba báìtì 2. Bí olóòtú bá rí i pé akọ̀wé ti kọ ọkọ́ níbi tó yẹ kó kọ ọkọ̀, tó sì tún un ṣe, irinṣẹ́ àgbẹ̀ ti di ohun tí awakọ̀ ń wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n fáìlì kò fi ẹyọ báìtì kan yí padà. Kódà é àti è, tí àmì wọn lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, báìtì 2 kan náà ni wọ́n gbà. Òótọ́ ni pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe olóòtú ìwé ní èdè olóhùn, irú àyípadà yìí gan-an ni iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwọn èdè Kamẹrúùnù sílẹ̀: álífábẹ́ẹ̀tì àjùmọ̀lò tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ ní 1979 ní àmì ohùn nínú, èdè Duala fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olóhùn.

Ó wá ku òǹtẹ̀ àkókò láti gba àtúnṣe olóòtú là, òǹtẹ̀ náà a sì máa purọ́. Lórí fláàṣì tí wọ́n fi ìlànà FAT tò, òǹtẹ̀ kò lè sún ju ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì lọ. Ènìyàn kò lè yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó ń tún ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà lè yára jù bẹ́ẹ̀. FAT yìí kan náà ń kọ aago ìlú tí wọ́n ti lò ó, láìsọ ìlú wo ni. Aago Douala àti ti Kútọnu dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Lomé fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Fláàṣì tí ẹnì kan gbé láti Douala lọ bá àwọn tó ń kọ èdè Ifẹ̀ ní Togo yóò mú òǹtẹ̀ tó fi wákàtí kan ṣáájú òtítọ́ dé ibẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti kọ̀ǹpútà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú. Bí iná bá ti lọ, aago rẹ̀ a padà sí ọdún tó ti kọjá. Iṣẹ́ tí olùkọ́ bá ṣe lórí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà yóò gba òǹtẹ̀ àtijọ́. Ètò tí òfin rẹ̀ jẹ́ pé tuntun ló borí yóò wo méjèèjì, yóò pe iṣẹ́ tuntun ní ògbólógbòó, yóò sì fi ògbólógbòó pa á rẹ́. Ibí yìí ni àìríran ti di ìpànìyàn.

Orúkọ fáìlì pẹ̀lú ń jìyà tirẹ̀. Orúkọ bíi Ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ nínú kọ̀ǹpútà: Ẹ lè jẹ́ lẹ́tà kan tí àmì abẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ E tí àmì tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀. Ìlànà HFS+ tí Mac lò fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń tú àmì kúrò lára lẹ́tà. Linux a fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe bá a. Nígbà tí fáìlì bá ti ọ̀kan lọ sí èkejì tó sì padà, alóre lè ké pé wọ́n ti pa Ẹ̀kọ́ rẹ́, pé àlejò kan tí ń jẹ́ Ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ní ayé ìwé títẹ̀, àtúnṣe a máa fi àpá sílẹ̀. Nígbà tí Alfred Saker parí Bíbélì èdè Duala ní 1872, ẹni tó bá fẹ́ yí lẹ́tà kan padà gbọ́dọ̀ tún òjé tò, kó sì tún bébà tẹ̀. Ẹ̀dà méjì tó yàtọ̀ síra yóò wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n wéra. Fáìlì kò ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ láti jẹ, nítorí náà kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà tó wà nílẹ̀ ní èsì. Wọ́n ní bí ètò bá ń dìde lọ wo gbogbo fáìlì, yóò jẹ iná, yóò sì mú kọ̀ǹpútà lọ́ra. Èsì yìí ìbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ètò máa dìde ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ohun tí à ń bèèrè kò tó bẹ́ẹ̀: kó lọ wò nígbà tí wọ́n bá tan án, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, nígbà tí ìsopọ̀ bá padà, nígbà tí ìlà bá kún, àti lẹ́ẹ̀kan lóru. Èyí tó bá fura sí, kó ka inú rẹ̀, kó sì ṣírò àmì ìdánimọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwọn tó kù, kó máa kà wọ́n díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Láti 1992 ni Tripwire, tí Gene Kim àti Eugene Spafford ṣe ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, ti ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ fáìlì tí ọwọ́ kàn, láìdúró de igbe ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn ní ìṣòro Áfíríkà ni: kí Douala tún iná rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ á tán. Ìgbéraga ni. Watchman, ètò ìṣọ́ tí Facebook gbé síta fún gbogbo ènìyàn ní 2013, ni a fi lè dá wọn lóhùn. Ní ilé iṣẹ́ tí iná kì í lọ, tí wáyà kì í já, fáìlì pọ̀ débi pé ìkéde ń sọnù, nítorí náà wọ́n kọ́ Watchman pé bí ìlà bá kún, kó tún gbogbo fódà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń lò ó. Àléébù kan náà ni. Douala kàn tètè fi hàn ni. Ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ ọ́n, ó sì wá oògùn rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ètò tí wọ́n ń tà fún olùkọ́ àti akọ̀wé ni kò rí oògùn náà gbà.

Èsì kẹta ló sún mọ́ àwọn tí ìwé yìí wà fún. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ èdè fúnra wọn ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rọ ni, kì í ṣe tiwọn. Àwọn yìí náà ni kò ní gba ẹ̀dà ìwé àfọwọ́kọ kan láìbéèrè ẹni tó dà á kọ, ìgbà tó dà á kọ, àti ibi tó ti fo ìlà. Ẹni tó bá sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Kí ló mú kí wọ́n máa bi akọ̀wé ní ìbéèrè tí wọn kò ní bi ètò? Àdàkọ ni ètò tó ń mú fáìlì bára mu ń ṣe, ó sì ń fo ìlà.

Ìdánwò kan wà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ èdè èyíkéyìí, ní Douala, ní Ìbàdàn tàbí ní Abomey-Calavi, lè ṣe kó tó san owó ètò. Kí wọ́n da fáìlì bíi mélòó kan sínú fódà tó wà ní ìkáwọ́ ètò náà, kí wọ́n jẹ́ kó kà wọ́n tán, kí wọ́n sì pa ètò náà. Kí wọ́n ṣí ọ̀kan nínú fáìlì, kí wọ́n sọ ọkọ́ di ọkọ̀ níbì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì dá òǹtẹ̀ àkókò rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè bá wọn ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n tún ètò náà tan, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá lọ wo ẹ̀dà tó wà lápá kejì. Bí ọkọ́ ló bá ṣì wà níbẹ̀, tí àmì tútù sì ń tàn, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé láti ìgbà wo ni alóre rẹ̀ ti wò kẹ́yìn.